Owó ìrànwọ́ tí gbèdéke rẹ̀ ti kọjá: ẹ má pa ojú-ewé rẹ̀ rẹ́

Lẹ́tà márùn-ún la dáhùn lóṣù yìí. Abẹ́òkúta ni gbogbo wọn ti wá, orí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì dá lé: owó ìrànwọ́ ìjọba tó ti kásẹ̀ nílẹ̀, àti ohun tó yẹ kí aráàlú ṣì máa rí nípa rẹ̀ lórí ayélujára.

Ẹ̀ka ìròyìn ilé-iṣẹ́ ìjọba kan ni mo wà. WordPress la fi ń ṣe ìkànnì wa. Bí owó ìrànwọ́ kan bá ti parí, ọ̀gá wa máa ń ní kí n yọ ojú-ewé rẹ̀ kúrò, torí àwọn èèyàn kì í yé pè wá. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ? — Òṣìṣẹ́ ìròyìn, Òkè-Mósàn

Ẹ bá wa bẹ ọ̀gá yín. Yíyọ tí ẹ ń yọ ọ́ gan-an ló ń fa ìpè. Ẹni tó ti fi líǹkì náà pamọ́ sórí WhatsApp láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn á tẹ̀ ẹ́, 404 (pé ojú-ewé náà kò sí) ni yóò bá níbẹ̀. Kò ní mọ̀ bóyá owó ló tán tàbí ìkànnì yín ló bàjẹ́. Kí ni yóò ṣe ju kó gbé fóònù lọ? Bó bá jẹ́ pé ojú-ewé náà ṣì wà, tó sì kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé a ti tì í lọ́jọ́ báyìí, èèyàn báyìí ló kọ̀wé, èèyàn báyìí ló rí i gbà, ìdáhùn ti dé kó tó pè.

Ẹ̀tàn kan tún wà nínú yíyọ yẹn. Bí ẹ bá sọ ojú-ewé di Draft tàbí Private, àlejò kò ní rí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n PDF àti Excel tí ẹ so mọ́ ọn ṣì wà nínú wp-content/uploads. Ẹnikẹ́ni tó bá ní líǹkì fáìlì náà á ṣì máa ṣí i. Bí ẹ bá sì jù ú sí Trash, lẹ́yìn ọjọ́ 30, WordPress á dà á nù pátápátá láìbi yín. Ẹ wá wò ó: ohun tí ẹ fẹ́ fi pamọ́ wà níta, ohun tí aráàlú ń wá ti lọ.

Ohun tó dára ni pé kí ẹ ṣe irú ojú-ewé kan lọ́tọ̀ fún owó ìrànwọ́, kó má dà pọ̀ mọ́ Posts tí ẹ fi ń gbé ìròyìn jáde. Advanced Custom Fields, àfikún (plugin) kan fún WordPress, lè dá a sílẹ̀ fún yín, òun náà ló sì máa fún yín ní àwọn àpótí tí ẹ ó máa kọ nǹkan sí. Gbàrà tí ẹ bá dá a tán, ẹ wọ Settings, ẹ wọ Permalinks, kí ẹ tẹ Save Changes láìfọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Bí ẹ bá fo èyí, gbogbo ojú-ewé tuntun lè máa gbé 404 wá, ẹ ó sì máa wá àṣìṣe káàkiri níbi tí kò sí.

Àwọn àpótí tó pọn dandan: nọ́ńbà ìdánimọ̀ ètò náà, ọjọ́ tí ẹ ṣí i, ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ tì í, àpapọ̀ owó tí ẹ yà sọ́tọ̀, iye ẹni tó kọ̀wé, iye ẹni tó rí i gbà, owó tí ẹ fọwọ́ sí, owó tó ti jáde, àti ipò tí ètò wà. Ẹ má fi owó tí ẹ fọwọ́ sí ṣe ọ̀kan pẹ̀lú owó tó ti jáde o. Bí ẹ bá fọwọ́ sí ₦20,000,000, tó jẹ́ pé ₦14,500,000 ló ti dé ọwọ́ àwọn èèyàn, méjèèjì ni kí ẹ kọ. Ẹyọ kan ṣoṣo tí ẹ bá kọ ni yóò di ìjà lọ́la.

Ní ti ipò, ìkànnì Grants.gov ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní mẹ́rin: Forecasted, Posted, Closed, Archived. Lọ́dọ̀ tiwa, a rò pé “Ó ń bọ̀”, “Ó ṣí sílẹ̀”, “A ti tì í” àti “A ti pín in” ló máa yé èèyàn jù. Àárín ìkẹta sí ìkẹrin ni ìpè ti máa ń pọ̀ jù, torí ẹni tó kọ̀wé kò mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò tàbí wọ́n ti fún ẹlòmíràn. Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ bá tì í ni kí ẹ ti kọ ọjọ́ tí èsì máa jáde síbẹ̀.

Ẹ fi ọdún sínú àdírẹ́ẹ̀sì ojú-ewé kọ̀ọ̀kan, bíi /owo-iranwo/alaadire-2025/. Bí ọdún tuntun bá dé, ojú-ewé tuntun ni kí ẹ ṣí. Ẹni tó bá tún ojú-ewé ọdún tó kọjá kọ ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa àkọsílẹ̀ rẹ́. Lákòótán, bọ́tìnì “Fi orúkọ sílẹ̀” tí ẹ yọ kò tó. Bó bá jẹ́ Google Forms ni ẹ fi gba orúkọ, ẹ lọ pa gbígba ìdáhùn níbẹ̀ gan-an, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ tí ẹni tó bá pẹ́ dé máa bá.

A ṣètò pé kí ojú-ewé kan ti ara rẹ̀ ní 12 òru ọjọ́ Ẹtì. Aago 9 àárọ̀ ọjọ́ kejì, bọ́tìnì ṣì wà níbẹ̀, èèyàn bíi ogójì sì ti fi orúkọ sílẹ̀. Kí ló fà á? — Abójútó ìkànnì, Láfẹ́nwá

Bí Timezone yín bá wà ní UTC+0, aago yín fi wákàtí kan pẹ́ sí ti Nàìjíríà. Ẹ wọ Settings, ẹ wọ General, kí ẹ mú Lagos. Ṣùgbọ́n wákàtí kan péré nìyẹn. Kò lè gbé yín dé aago 9.

WP-Cron, ohun tí WordPress fi ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ bá ti ṣètò àsìkò rẹ̀, la fura sí. Kì í ṣe aago tó ń dá ṣiṣẹ́. Àlejò ló ń jí i. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣí ìkànnì lóru, á sùn dọ́jọ́. Bí ẹ bá sì ní cache, èyí tó burú jù nìyẹn, torí àwọn àlejò ń wọlé, àdàkọ ojú-ewé tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n ń rí, WordPress fúnra rẹ̀ kò sì jí. Ẹ ṣí wp-config.php, ẹ sọ DISABLE_WP_CRON di true, lẹ́yìn náà kí ẹ wọ Cron Jobs nínú cPanel (ibi tí ẹ ti ń ṣàkóso sáfà yín) kó máa pe wp-cron.php ní ìṣẹ́jú 15 sí 15. Kí ẹ sì rí i pé cache ojú-ewé náà ń pa rẹ́ nígbà tí ipò rẹ̀ bá yí padà.

Fóònù tí ẹ kò fi wọlé sí ìkànnì náà rí ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá ti wọlé gẹ́gẹ́ bí alábòójútó kì í sábà rí ohun tó wà nínú cache, ìdí nìyẹn tí ó fi ń dára lójú yín tó sì ń bàjẹ́ lójú aráàlú.

Ọ̀rọ̀ “12 òru ọjọ́ Ẹtì” náà kò dáa. Ṣé òru tó mọ́ sí Ẹtì ni, àbí èyí tó mọ́ sí Sátidé? Ẹ kọ aago 5 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ kan, nígbà tí ẹnìkan ṣì wà ní ọ́fíìsì tó lè fojú rí i pé ó tì. Ní ti àwọn ogójì yẹn, aago tí fọ́ọ̀mù kọ sí iwájú orúkọ wọn ni kí ẹ fi ṣe ìdájọ́, kí ẹ sì kọ̀wé sí wọn. Ẹ má kàn pa wọ́n tì.

Ọ̀gá mi fún mi ní Excel àwọn tó rí owó gbà: orúkọ, fóònù, NIN, BVN, nọ́ńbà àkáǹtì. Ó ní kí n gbé e jáde. Mo ti fi dúdú bo NIN àti BVN, mo sì sọ ọ́ di PDF. Ṣé ó tó? — Akọ̀wé ìṣirò owó, Aké

Kò tó rárá. Ẹ ṣí PDF náà, ẹ fi máòsì fà á kọjá lórí ibi dúdú yẹn, ẹ ṣe copy, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ sínú Notepad. Bí nọ́ńbà 11 bá yọ síbẹ̀, ẹ ti rí i pé aṣọ lẹ fi bo ògiri, ẹ ò wó o. Bákan náà ni òpó tí ẹ bá ṣe Hide sí nínú Excel: ẹni tó bá tẹ Unhide ti rí gbogbo rẹ̀.

Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà. Nínú ẹ̀dà yẹn, ẹ pa òpó fóònù, NIN, BVN àti àkáǹtì rẹ́ pátápátá. Ẹ fi pamọ́ gẹ́gẹ́ bíi CSV UTF-8, lẹ́yìn náà kí ẹ fi Notepad ṣí i, kí ẹ kà á láti òkè délẹ̀. Ohun tí ẹ kò bá rí nínú Notepad, kò sí níbẹ̀. Ẹ má yan CSV lásán tí kò ní UTF-8, torí àmì orí orúkọ Yorùbá á di àmì ìbéèrè.

Ohun tó máa kù ni orúkọ ẹni tàbí ẹgbẹ́ tó gbà á, ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, ohun tí wọ́n fún un fún, iye owó àti ọjọ́. Ìlànà 360Giving tí wọ́n fi ń gbé àkọsílẹ̀ owó ìrànwọ́ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àpótí dandan 10. Ẹ wò ó kí ẹ tó ya tiyín, nọ́ńbà àkáǹtì kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún Excel fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ bíi 0073 á di 73. Èyí tí ẹ kọ ní MAR-24 á di ọjọ́ nínú oṣù Kẹta. Ẹ sọ òpó náà di Text kí ẹ tó lẹ ohunkóhun sínú rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn náà, torí òdo tó ti jábọ́ kì í padà wá.

Bó bá jẹ́ owó fún àwọn aláìsàn tàbí àwọn tó ní ìpèníjà ara, ẹ má gbé orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan jáde. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni sí ohun tó gbẹgẹ́. Ẹ kọ iye èèyàn ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Níbi tí wọn ò bá pé 5, ẹ kọ “kò pé 5”. Bó bá sì jẹ́ pé ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo nínú 20 tí Ògùn ní lẹ bò bẹ́ẹ̀, tí ẹ tún wá kọ àpapọ̀ sísàlẹ̀, ọmọdé á yọ ọ́ kúrò, á sì mọ iye tí ẹ bò. Ẹ bo méjì, ó kéré tán.

Bí PDF yẹn bá ti jáde ná, inú Media Library ni kí ẹ ti pa á rẹ́, kì í ṣe ojú-ewé nìkan. Ẹ lo Removals nínú Search Console (irinṣẹ́ Google fún àwọn tó ni ìkànnì) kí Google má máa gbé e jáde. Kí ẹ sì sọ fún ọ̀gá yín lónìí, torí bí irú dátà bẹ́ẹ̀ bá jò, tó sì lè pa ẹni tó ni ín lára, wákàtí 72 ni òfin fún yín láti fi tó àjọ ààbò dátà létí.

A fẹ́ kí ojú-ewé wa wà ní Yorùbá, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá wá “Abeokuta”, a kì í sábà rí ohun tí a kọ ní “Abẹ́òkúta”. — Agùnbánirọ̀, Kútọ̀

Lójú, ẹ́ jẹ́ ẹyọ kan. Nínú kọ̀ǹpútà, méjì ni: ẹ, àti àmì tó gùn ún lórí. Ẹ fi àpótí “ọ̀rọ̀ ìwárí” kan kún ojú-ewé, kí ẹ kọ Abeokuta, Abẹokuta àti Abẹ́òkúta sínú rẹ̀, kí ẹ sì ṣètò pé kí ìwárí máa wo ibẹ̀, torí WordPress kì í wo inú irú àpótí bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Àdírẹ́ẹ̀sì ojú-ewé ni kí ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ láìsí àmì. Bí àmì bá wọ inú rẹ̀, ó lè kún fún kóòdù bíi %CC%81, ẹni tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp á sì rò pé onígbàjúẹ̀ ni yín.

Ẹnìkan fi líǹkì ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wa pé owó àwa aláàdìrẹ tún ti jáde, kí a fi BVN wa síbẹ̀. Èyí tí mo kọ̀wé fún lọ́dún tó kọjá náà ni, n kò sì mọ ẹni tó gbà á. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá aláàdìrẹ, Ìtòkú

Ìyá wa, ẹ má tẹ nǹkan kan síbẹ̀. Ètò tó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ni àwọn onígbàjúẹ̀ fẹ́ràn jù, torí orúkọ rẹ̀ ti mọ́ àwọn èèyàn lára. Ẹ ní kí ọmọ yín wo àdírẹ́ẹ̀sì náà. Láti https:// títí dé àmì / àkọ́kọ́ tó tẹ̀lé e, .gov.ng ló gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn, pẹ̀lú àmì ìdánudúró tó wà níwájú gov. Bí .com tàbí nǹkan mìíràn bá wà lẹ́yìn gov.ng, tàbí tí wọ́n kọ ọ́ ní gov-ng, kì í ṣe ti ìjọba. Lẹ́yìn èyí, kó lọ sí ìkànnì ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kó wo ojú-ewé ti ọdún tó kọjá. Bó bá ṣì kọ “A ti tì í” síbẹ̀, tí tuntun kò sì sí, ẹ pa iṣẹ́ tó wọlé yẹn rẹ́.

Ní ti ẹni tó gbà á, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 sọ pé kí ilé-iṣẹ́ ìjọba máa gbé ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ tó bá fún ilé-iṣẹ́ ìjọba mìíràn tàbí àjọ aládàáni síta, kò sì di dandan kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ní oṣù Kẹrin 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti là á pé òfin náà de gbogbo ìpínlẹ̀. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fi dá yín lóhùn. Ẹ kọ orúkọ ètò náà, ọdún rẹ̀ àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ sínú lẹ́tà, ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sára èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín, torí ọjọ́ tí wọ́n gbà á ni wọ́n ti máa ka 7 yẹn.