«Comía» àbí «comería»?

Ìbéèrè: Mo kọ «yo comía» fún «ǹ bá jẹun» nínú ìdánwò Sípáníìṣì, olùkọ́ fagi lé e. Kí ni mo ṣì ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ ti gé «-er» kúrò lára «comer» kí ẹ tó so «-ía» mọ́ ọn. «Mo máa ń jẹun» látijọ́ nìyẹn. Bó bá jẹ́ ti «ǹ bá», ẹ má gé nǹkan kan: odindi «comer» lẹ ó mú, kí ẹ fi -ía, -ías, -ía, -íamos, -íais, -ían sí i nídìí. «Comería» nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni «hablaría» láti ara «hablar» (sọ̀rọ̀) àti «viviría» láti ara «vivir» (gbé). Àmì orí í kò gbọdọ̀ já bọ́.

Ẹ má fi irú «comería» yìí tẹ̀lé «si» tó túmọ̀ sí «ká ní» o. «Si trabajara más, comería mejor»: ká ní mò ń ṣiṣẹ́ jù báyìí lọ ni, ǹ bá máa jẹun tó dáa. «Si trabajaría» kò tọ́, bí àwọn kan ní àríwá Sípéènì tilẹ̀ ń sọ bẹ́ẹ̀.