Kọ́kọ́rọ́ Abẹ́ Ìrọ̀rí Rẹ Ló Ń Bà Mí Lẹ́rù, Kì í Ṣe Fẹ́ǹsì

*Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́. Òdògbolú ni èmi, ọkọ mi àti ọmọ wa méjì ń gbé, nínú ilé oníyàrá méjì tí a fọwọ́ ara wa kọ́. Awakọ̀ ni ọkọ mi, ó máa ń sùn sọ́nà bí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Gàrí àti èlùbọ́ ni mo ń tà. A ò jẹ gbèsè, ọkàn wa sì balẹ̀, àfi ìgbà tí olè wọ ilé kejì sí tiwa. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó wà l'Ékòó ní ojú ń ti òun láti mú ọ̀rẹ́ wá sílé wa, pé ilé tí kò ní fẹ́ǹsì àti géètì, ilé adìẹ ni. Wọ́n ní ká yá ₦1,800,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ká fi mọ ògiri gíga yí ilé ká, ká máa san án fún ọdún méjì. Ní báyìí, mo ti fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn onírin wa láti inú, abẹ́ ìrọ̀rí mi ni mo ń fi ọmọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti ń tan jẹnẹrétọ̀ kékeré wa kí wọ́n má baà jí i gbé. Láti ìgbà tí náírà ti wọ́n lọ́dún 2023 la ò ti gbé owó wa sí báǹkì mọ́, ilé ló wà. Ṣé ká yá owó náà?*
*Ìyàwó Awakọ̀, Òdògbolú*

Ọmọ mi, má yá owó náà.

Pín ₦1,800,000 sí oṣù 24 kí o wò ó: ₦75,000 lóṣooṣù, ká tó ka èlé rárá. Lẹ́yìn tí o bá ti san owó ilé-ìwé ọmọ méjì, ṣé èrè orí gàrí àti èlùbọ́ tó bẹ́ẹ̀? Bí kò bá tó, ọrùn ọkọ rẹ ni ìyókù máa já lé, yóò sì di dandan kó máa wakọ̀ kún un. Torí pé kì í sí nílé lẹ́ ṣe fẹ́ mọ ògiri, ògiri náà ni kò wá ní jẹ́ kó wálé mọ́.

Àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ fẹ́ǹsì ló gba oorun lójú mi nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ. Ohun méjì tí o kàn fẹnu bà kọjá ni: ọmọ kọ́kọ́rọ́ abẹ́ ìrọ̀rí, àti jẹnẹrétọ̀ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Nígbà tí àwọn ọmọ mi ṣì kéré, Ìjẹ̀bú-Òde là ń gbé. Lóru ọjọ́ kan, àbẹ́là tí mo lẹ̀ sórí fíríìjì ṣubú lu aṣọ fèrèsé. Kí n tó lajú, èéfín ti gba gbogbo òkè pálọ̀, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá bá wa. A ti ti ilẹ̀kùn onírin pa láti inú, bí tìrẹ gan-an. Níbo ni ọmọ kọ́kọ́rọ́ wà? Àpò ṣòkòtò bàbá wọn. Níbo ni ṣòkòtò wà? Òun alára ò rántí. Mo fọwọ́ méjèèjì di irin náà mú, mo ń mì í, mo ń kígbe. Èmi ni mo sọ fún wẹ́dà pé kó fi ọ̀pá tó ki ṣe é, kó má ṣeé já. Kò sì ṣeé já. Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ bíríkìlà lójúlé kejì ló gbé dígà wá, ó kì í bọ àárín irin, ó fi fa àgádágodo náà ya. Gbogbo wa jáde láàyè, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n àpá irin yẹn ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi ọ̀tún títí dòní.

Nítorí náà, kan ìṣó kan mọ́ ara ògiri nínú ilé, nítòsí ilẹ̀kùn náà, níbi tí ọwọ́ ẹni tó wà níta ò lè dé, tí ọwọ́ ọmọ rẹ yóò sì tó. Ibẹ̀ ni kí o máa fi ọmọ kọ́kọ́rọ́ kọ́ lálaalẹ́, má ṣe gbé e kúrò níbẹ̀ fún ìdí kankan. Tọ́ọ̀ṣì ni kó wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Bí owó bá wà lọ́wọ́, pe wẹ́dà kó gé irin fèrèsé kan nínú yàrá tí ẹ ń sùn, kó ṣe é bí ilẹ̀kùn tó ṣeé ṣí láti inú. Owó rẹ̀ ò ní sún mọ́ ti fẹ́ǹsì rárá.

Ti jẹnẹrétọ̀, mo bẹ̀ ọ́, òní ni kí o gbé e jáde. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí ojú kì í rí, tí imú kì í gbọ́ òórùn rẹ̀. Bó bá bá èèyàn lójú oorun, onítọ̀hún ò ní mọ̀ kó tó gbabẹ̀ lọ. A ti sin odidi ìdílé rí nílẹ̀ yìí nítorí ẹ̀. Ìta ni ipò rẹ̀, kó jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn tó 6 mítà ó kéré tán. Bó bá jẹ́ olè lò ń rò, jẹ́ kí bíríkìlà ri òrùka irin kan mọ́ inú kọnkéré, kí o fi ṣéènì dè é mọ́ ọn. Má gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù wọlé sùn.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. O kọ ibi tí o tọ́jú rẹ̀ sí gan-an sínú lẹ́tà, mo ti yọ ọ́ kúrò kí n tó gbé e jáde. Mo mọ ohun tójú wa rí lọ́dún 2023, èmi náà tò títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Síbẹ̀, dá owó náà padà sí báǹkì. Láti ọdún 2024, àjọ NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó tí a fi sí báǹkì, ti gbé iye tí wọ́n máa san fún olówó bí báǹkì ńlá bá kógbá wọlé sókè, láti ₦500,000 sí ₦5,000,000. Ta ló máa san tìrẹ padà bí iná bá jó ilé? Ohun tí o máa fi ná ọjà méjì péré ni kí o fi sílẹ̀.

Ní ti ògiri gíga: bí olè bá ti fo ó wọlé tán, òun náà ni ògiri ń bò. Ta ni yóò rí i? Ní báyìí, bí ajá bá gbó lẹ́yìn ilé rẹ, ará ilé kejì ń yọjú. Àwa ọmọ Ìjẹ̀bú mọ odi í mọ. Ẹ wo Erédò Súngbọ́, odi àti yàrà tó yí ilẹ̀ wa ká fún nǹkan bí kìlómítà 160, tí ó jìn tó 20 mítà láwọn ibì kan láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi. Iṣẹ́ agbo ilé kan kọ́ nìyẹn. Nítorí náà, bí ẹ ò bá sanwó ọlọ́dẹ àdúgbò déédéé, ẹ bẹ̀rẹ̀. Kí ìwọ àti aládùúgbò méjì gba nọ́ńbà ara yín, kí ẹ sì fi 112 sórí fóònù, nọ́ńbà pàjáwìrì ni. Ẹ ṣán igbó ẹ̀yìn ilé, ẹ fi gílóòbù kan síbẹ̀. Kọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n má sọ fún àlejò pé bàbá àwọn ò sí nílé, kí ìwọ náà má sì gbé e sórí WhatsApp. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, tí gbogbo àdúgbò máa ń ṣófo, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan jókòó sílé. Ẹ lè máa gbà á fún ara yín lọ́dọọdún.

Oúnjẹ ò jẹ́ ìṣòro fún ẹni tó ń ta gàrí. Gàrí Ìjẹ̀bú tó gbẹ dáadáa, tí a dé pa, kì í tètè bàjẹ́. Ṣáà máa pọn omi mímu pamọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí, kí o sì máa pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ ńkọ́? Má dá wọn lóhùn. Ọkọ rẹ ni kó pè wọ́n, kó sọ pé, "Àǹtí mi, ẹ ṣeun tí ẹ ń ro tiwa. A ò lágbára gbèsè báyìí. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún irin fèrèsé ṣe." Kí ìwọ wá kúnlẹ̀ kí wọn nígbà tí wọ́n bá dé, kí o ro ìkọ́kọrẹ́ tó ní ẹja gbígbẹ dáadáa fún wọn. Bí ojú bá ṣì ń tì wọ́n lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ tiwọn nìyẹn, ọmọ mi. Ilé tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ́, tí ẹ ò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ lórí ẹ̀, orí mi wú nígbà tí mo kà á.

Bí ìṣó yẹn bá ti wà lára ògiri, pa gbogbo iná ilé lálẹ́ ọjọ́ kan. Ní kí ọmọ rẹ àgbà dìde lórí ibùsùn, kó mú ọmọ kọ́kọ́rọ́, kó ṣí ilẹ̀kùn náà nínú òkùnkùn, kó sì mú àbúrò rẹ̀ jáde. Kọ̀wé sí mi padà, kí o sọ iye ìgbà tó ṣe é kó tó mọ́ ọn lára.