Àwo piezo kan fún iṣẹ́ méjì: bíríìjì ló ń dà yín láàmú

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní àwo PZT kan ṣoṣo (sẹ̀rámíìkì piezo tó ń mú iná jáde bí a bá tẹ̀ ẹ́, tó sì ń yí ìrísí padà bí a bá fi iná sí i) lẹ lẹ̀ mọ́ páànù alumíníọ̀mù yín, kó máa gbọ́ bí páànù ṣe ń gbọ̀n, kó sì tún máa tì í padà kó lè dákẹ́. Láàárọ̀ ó ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́. Tó bá di ọ̀sán tí yàrá ti gbóná, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké fúnra rẹ̀. Ẹ wá ń béèrè iye tí ẹ máa fi dín gain kù, ìyẹn bí kọ̀ntíróólà ṣe ń fi agbára dá ohun tó gbọ́ lóhùn tó. Ẹ fi kọ̀ntíróólà sílẹ̀ ná, kò ṣẹ̀ yín. Mo ti bá irú páànù báyìí wọ̀jà fún ọdún púpọ̀, níbi bíríìjì ni ìyọnu ti ń wá, ìyẹn sáàkìtì tó ń ya ohùn páànù sọ́tọ̀ kúrò lára fóltéèjì tí ẹ ń rán.

Fóltéèjì tí gbígbọ̀n páànù ń bí àti èyí tí ẹ̀yin ń rán sí àwo, orí wáyà kan náà ni méjèèjì wà. Ó dà bí ẹni tó ń pariwo ní gbogbo ẹnu tó sì tún fẹ́ gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bíríìjì tí Dosch, Inman àti Garcia gbé jáde ní 1992 ni ọ̀pọ̀ wa ń lò: kapásítọ̀ kan tó bá àwo náà dọ́gba ni wọ́n fi ń yọ ariwo tiyín kúrò. Lórí ìwé, kò sí àbùkù níbẹ̀.

Ẹ wá bá mi ṣírò. Àwo PZT-5A tó gùn 50 mm, tó fẹ̀ 25 mm, tó nípọn 0.25 mm, capacitance rẹ̀ (bí iná tó lè gbà pamọ́ ṣe pọ̀ tó) á tó nǹkan bíi 77 nF. Ẹ rán 100 fólítì sí i. Bí kapásítọ̀ ìdọ́gba bá fi 1% péré yàtọ̀, tí apá bíríìjì yòókù sì dọ́gba, 0.25 fólítì nínú èyí tí ẹ rán á yọ́ kọjá. Ohùn páànù gan-an lè má tó bẹ́ẹ̀. Capacitance PZT irú yìí sì ń fi nǹkan bíi 0.4% pọ̀ sí i ní ìwọ̀n Celsius kọ̀ọ̀kan. Kí yàrá fi 10°C gbóná sí i, 4% nìyẹn, odidi fólítì kan ló ń jò wọlé. Kọ̀ntíróólà ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó sì ń dá a lóhùn. Ohun tó ń ké lọ́sàn-án nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ yọ kapásítọ̀ tí ẹ rà lọ́jà kúrò. Kódà bí iye rẹ̀ bá bá ti àwo mu, PZT-5A ń pàdánù nǹkan bíi 2% nínú iná tó gbà, kapásítọ̀ oníke kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà phase wọn (àkókò tí iná inú wọn ń lọ tó ń bọ̀) ò lè ṣọ̀kan. Àwo PZT kejì ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀, láti inú páálí kan náà. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ alumíníọ̀mù kékeré tó nípọn, tí kò ní gbọ̀n, kí ó wà nítòsí ti àkọ́kọ́ kí ooru kan náà máa bà wọ́n. Ẹ má fi í sílẹ̀ lásán o. Àwo tí a kò lẹ̀ mọ́ nǹkan, capacitance rẹ̀ ń ju ti èyí tí a lẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ kékeré tó bá ṣẹ́ kù ni kí ẹ wá fi kapásítọ̀ wẹ́wẹ́ tún ṣe. (Bí ẹ bá ń fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà mọ́ ọn, ẹ tètè gbé ọwọ́ kúrò. Ní nǹkan bíi 350°C ni PZT-5A ń pàdánù agbára rẹ̀ pátápátá, ẹnu soldering iron sì ń gbóná dé ibẹ̀ dáadáa.)

Àwọn kan á ní kí ẹ jẹ́ kí LMS (ìṣírò tó ń tún ara rẹ̀ ṣe díẹ̀díẹ̀ títí àṣìṣe á fi kéré) máa dá bíríìjì dọ́gba fúnra rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi signal ìdarí yín kọ́ ọ. Signal yẹn àti gbígbọ̀n páànù ń rìn pọ̀, LMS á sì gbé ohùn páànù mì mọ́ ìdọ̀tí. Ariwo kékeré mìíràn, tí kò bá ìkankan nínú méjèèjì tan, ni kí ẹ rán sí i fún ìyẹn.

Ẹ tún rántí pé bí páànù bá dín gbígbọ̀n kù, ariwo lè má dín kù bẹ́ẹ̀. Mode ni ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí páànù ń gbà gbọ̀n. Mode àkọ́kọ́, níbi tí gbogbo páànù ti ń lọ tó ń bọ̀ pa pọ̀, ló ń ti atẹ́gùn jáde jù. Èyí tí apá kan ń lọ tí ìkejì ń bọ̀, wọ́n ń pa ara wọn lẹ́nu mọ́ bí ohùn bá rẹlẹ̀. Nítorí náà, àárín páànù ni kí àwo yín wà.

Tó bá sì jẹ́ pé kíkùn 100 Hz ti transformer nìkan ló ń dà yín láàmú, tí mode páànù náà sì wà nítòsí ibẹ̀, èmi ò ní ṣe bíríìjì rárá. Inductor àti resistor ni màá so mọ́ àwo náà kí wọ́n máa fa agbára gbígbọ̀n náà mu, gẹ́gẹ́ bí Hagood àti von Flotow ṣe ṣe é ní 1991. Fún 77 nF, inductor náà á tó 33 henry. Kò sẹ́ni tó ń wé irú ìyẹn ní wáyà. Op-amp méjì (ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ fóltéèjì di ńlá) ni a fi ń ṣe àfarawé rẹ̀.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ pa kọ̀ntíróólà, kí ẹ rán ohùn kan tó jìnnà sí mode páànù sínú àwo, kí ẹ wọn ohun tó jáde ní ẹnu bíríìjì láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ẹ kọ ìwọ̀n ooru sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ gbé nọ́ńbà wọn wá ká jọ wò ó.