Ìbéèrè àti ìdáhùn: Níbo ni kí n fi ₦400,000 mi sí kó lè tètè pọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni mo ń tà ní ọjà Bódìjà, n'Ìbàdàn. Mo ní ₦400,000 nílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, àmọ́ èrè tí wọ́n ń pín fún wa lọ́dọọdún kò tó nǹkan. Ìyàwó ọmọ mi fi app kan hàn mí tó ń fúnni ní ìdá 30 nínú 100 lóṣooṣù. Òun náà ti gbà lẹ́ẹ̀mejì. Ọjà mi ń tà dáadáa, síbẹ̀ mi ò rówó mú. Ṣé kí n kó owó náà lọ síbẹ̀? Bí kò bá dáa, ibo ló ń fúnni lérè jù? Mo fẹ́ lówó lọ́wọ́, mo sì fẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. (Ìyá Oníràìsì)

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ má kó o lọ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tètè kúrò lórí ìyẹn, torí irú lẹ́tà yìí ti sú mi í kà.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. ₦400,000 tó ń fi ìdá 30 lé lóṣooṣù, tí ẹ ò bá fọwọ́ kàn án, á ti lé ní mílíọ̀nù 9 náírà kí ọdún tó yípo. Lọ́dún kejì á lé ní mílíọ̀nù 217. Lọ́dún kẹta ó ti lé ní bílíọ̀nù 5. Ẹni tó bá mọ òwò tó ń pa irú owó yẹn, kí ló fẹ́ fi owó ìrẹsì yín ṣe? Owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọ́n ń san fún ẹni tó ti wà níbẹ̀, kò sí òwò kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ìdá 30 yìí gan-an ni MMM, ètò ìlọ́po owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣèlérí fún àwọn èèyàn lọ́dún 2016, kí wọ́n tó ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn lóṣù Kejìlá ọdún náà. Lóṣù Kẹrin 2025 ó kan CBEX, app ìdókòwò mìíràn tó gba owó àwọn èèyàn, a sì rí bí àwọn èèyàn ṣe ya wọ ọ́fíìsì wọn l'Ókè-Àdó tí wọ́n ń kó ẹrù ibẹ̀ jáde, bíi pé àga ló máa dá owó wọn padà. Ẹ ní ìyàwó ọmọ yín ti gbà lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbọ́dọ̀ gbà! Bí ẹnikẹ́ni ò bá rí gbà, ta ni ì bá mú yín wá?

Ìbéèrè yín kejì ni mo fẹ́ dáhùn, torí àwọn èèyàn gidi ló ń bi mí ní irú rẹ̀, wọ́n sì máa ń rò pé ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. "Ibo ló ń fúnni lérè jù?" Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ibi tí èèyàn kó owó sí ló ń sọ ọ́ di olówó. Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ ìwé owó àwọn ẹlẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù wò, mo sì ń sọ ọ́ fún yín pé fún ẹni tí owó rẹ̀ ò tíì ju ₦400,000 lọ, irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká ní ibì kan ń fún yín ní ìdá 15 lọ́dún, ibòmíràn ń fún yín ní 20. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì lórí ₦400,000 jẹ́ ₦20,000 lọ́dún kan gbáko. Ẹ ó máa sáré kiri ìgboro, ẹ ó máa bi tọ́mọdé tàgbà léèrè, nítorí ₦20,000. Nígbà náà, owó tó ń jò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yín lọ́dún kan náà lè ju gbogbo ohun tí ẹ ní nílẹ̀ lọ. Ẹ kọ ọ́ fúnra yín: ọjà ń tà, ẹ ò rówó mú. Ibẹ̀ ni àìsàn wà.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Mo kàn ń mú iye yìí fún àpẹẹrẹ ni, ẹ fi ti yín sí i. Ẹ ra àpò ìrẹsì kan ní ₦70,000, ẹ wọ̀n ọ́n ní kóńgò-kóńgò, ẹ pa ₦77,000. Lójú yín, ẹ ti jèrè ₦7,000. Ọkọ̀ àti alábàárù ti gba ₦1,500 níbẹ̀, ó ku ₦5,500. Ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà fún yín, ó ní àpò ti di ₦73,000. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ₦3,000 kún ₦70,000 kí ẹ tó lè gbé àpò kan ṣoṣo tí ẹ ní tẹ́lẹ̀. Èrè yín gangan kò ju ₦2,500 lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dé ọ̀hún, ẹ ti mú ₦5,000 nínú àpò épírọ́ọ̀nù yín: owó ọkọ̀ ọmọ, dátà, ọbẹ̀ alẹ́, ẹni tó ń ṣe ìsìnkú ní ìsọ̀ kejì. Ẹ ti jẹ ojú owó ní ₦2,500. Ó lè jẹ́ àpò mẹ́rin lẹ ń tà lọ́sẹ̀. ₦10,000 nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ 52, ₦520,000.

Mo mọ̀ pé ọjà kì í gbówó lórí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìrẹsì wálẹ̀ lọ́dún 2025, ìyẹn náà sì ní ìpalára tirẹ̀ fún ẹni tó ti ra ti ọ̀wọ́n sílẹ̀. Ẹ dá owó náà sí méjì, ó ku ₦260,000. Kò sí ìwé ìdókòwò ìjọba tàbí ti báńkì tó máa fún yín ní ₦260,000 lórí ₦400,000 lọ́dún kan. Inú ṣọ́ọ̀bù yín ló wà.

Kí lẹ máa ṣe? Ẹ gba ara yín síṣẹ́. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ gbogbo ohun tó jáde fún ọ̀sẹ̀ méjì, títí kan kóńgò ìrẹsì mẹ́ta tí ẹ bù lọ sílé lọ́jọ́ Sátidé, torí owó ni. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ máa ń rántí. Alájọ Ṣómólú nìkan ni wọ́n ní kì í kọ nǹkan sílẹ̀ tí kì í ṣìṣe, irú rẹ̀ kò sì wọ́pọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ẹ ó mọ iye tí ọjà náà lè san fún yín lójúmọ́ láìjẹ ojú owó. Iye yẹn lẹ ó máa mú, kò gbọ́dọ̀ lé. Àpò ọjà lọ́tọ̀, àpò ilé lọ́tọ̀. Bí ẹ bá ń gba owó lórí fóònù, ẹ ní àkáǹtì méjì. Iye tí ẹ ń san fún ara yín lè kéré débi pé ojú á tì yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí ẹ̀ ju ìwé náà nù, òótọ́ tí ẹ ń sá fún láti ọjọ́ yìí ni.

Ní ti ₦400,000, ẹ má yọ gbogbo rẹ̀ kúrò ní alájẹṣẹ́kù. Èrè ọdọọdún yẹn kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n torí ẹ̀yáwó ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń wọ ẹgbẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń yá ọmọ ẹgbẹ́ ní ìlọ́po méjì ohun tó ní nílẹ̀, èlé rẹ̀ kò sì jọ ti àwọn app tó ń yáni lówó, tí wọ́n á tún máa pe àna yín kiri. Ẹ béèrè bóyá ẹgbẹ́ yín ní ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀, àti ìgbà tí wọ́n yẹ ìwé owó wò gbẹ̀yìn. Bí akọ̀wé bá bínú sí ìbéèrè yẹn, ẹ mọ ohun tí ẹ máa ṣe. NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó tí èèyàn kó sí báńkì, kì í dá owó alájẹṣẹ́kù padà bí ó bá bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í dá ti alájọ padà. Ti báńkì ńlá ni wọ́n ń dá padà, tó mílíọ̀nù 5 náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní báńkì kọ̀ọ̀kan, láti 2024.

Nítorí náà, ẹ fi iye tó lè bọ́ ilé yín fún oṣù mẹ́ta sí báńkì, níbi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o. Èyí tí ẹ ò ní nílò fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ẹ lè fi ra FGN Savings Bond: ìjọba àpapọ̀ lẹ yá lówó, ₦5,000 ló ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa san èlé yín ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ ó gba ojú owó lópin. Ọwọ́ stockbroker (ẹni tó ń bá èèyàn ra ìwé ìdókòwò) tó ní ìwé àṣẹ SEC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìdókòwò, lẹ ti máa rà á. Ẹ̀yin tí ẹ̀sìn yín kò gba èlé, ẹ bi wọ́n léèrè Sukuk, ìwé ìdókòwò ìjọba tí kò ní èlé nínú. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni mo kà, mi ò mọ gbèsè tó wà lọ́rùn yín tàbí ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó lè rí ìwé yín bá yín wò ó kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Ẹ ní ẹ fẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀. Ẹ fi owó ìgbádùn sínú iye tí ẹ ń san fún ara yín, kí ẹ sì ná an láìbẹ̀rù. Aṣọ ẹbí ńkọ́? Ẹ mú ìnáwó méjì tàbí mẹ́ta tó kàn yín gbọ̀ngbọ̀n lọ́dún, ẹ ra tiwọn. Àwọn tó kù, ẹ wọ ohun tí ẹ ní lọ kí wọn, ẹ mú ẹ̀bùn dání. Kò sí òfin tó ní kí ẹ fi owó ìrẹsì ra léèsì fún àna ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ yín.

Ìyàwó ọmọ yín ńkọ́? Ẹ ní kó gbìyànjú láti yọ gbogbo owó rẹ̀ lónìí. Bí wọ́n bá ní kó kọ́kọ́ san owó díẹ̀ kí tirẹ̀ tó lè jáde, kó má san kọ́bọ̀. Kó ya àwòrán ojú fóònù náà àti nọ́ńbà àkáǹtì tó san owó sí, kó kó wọn lọ bá EFCC, kí app náà tó parẹ́.