Iṣẹ́ oníbàárà ń bá fúláàṣì ẹlòmíràn lọ: fódà wo ni kí n yàn fún Notepad++?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ṣọ́ọ̀bù tàìpù àti ìtẹ̀wé ni mo ní lẹ́bàá géètì FUTA, ní Àkúrẹ́. Notepad++ ni mo fi ń gba ọ̀rọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí n tó dà á sínú Word. Bí mo bá tẹ Ctrl+S, ibi tó wù ú ló ń gbé fáìlì lọ. Iṣẹ́ ọmọ kan ti bá fúláàṣì ọmọ mìíràn lọ rí, a wá a títí. Ṣé mo lè yan fódà kan pàtó fún un? Èwo ló sì dára jù: Desktop, Documents, àbí D?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ lè yàn án, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tó wù ú ló ń lọ. Ibi mẹ́ta ni Notepad++ lè yíjú sí bí ẹ bá fẹ́ fi fáìlì tuntun pamọ́: fódà tí fáìlì tó wà níwájú yín ti wá, fódà tí ẹ lò kẹ́yìn, tàbí èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín yàn. Méjì àkọ́kọ́ kò bá ṣọ́ọ̀bù tí èrò ń wọlé tó ń jáde mu rárá. Ẹ wò ó bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Oníbàárà kan ki fúláàṣì bọ kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí iṣẹ́ rẹ̀ láti orí E: (lẹ́tà tí Windows fún fúláàṣì náà), ẹ tún un ṣe, ẹ fi pamọ́. Ẹnì kejì fi tiẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìwé tuntun, ẹ tẹ Ctrl+S, ẹ kọ orúkọ, ẹ tẹ Enter láì gbójú sókè. Orí E: náà ló bọ́ sí. Ẹni àkọ́kọ́ fa fúláàṣì rẹ̀ yọ, ó ti wọkọ̀ lọ sí Ọjà Ọba.

Ẹ kọ́kọ́ dá fódà sílẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ní D, D ni kí ẹ lò. Tí Windows bá dà rú, C ni ẹni tó ń tún un ṣe sábà máa ń nù kó tó gbé òmíràn sí i, orí C yìí gan-an sì ni Desktop àti Documents máa ń wà. Àmọ́ kí ẹ má fi D ṣe agbójúlé pátápátá. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, disk kan ṣoṣo ni wọ́n pín sí méjì. Bó bá kú, C àti D jọ kú náà ni. Kí ẹ tó ti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, ẹ da fódà náà kọ sórí disk mìíràn.

Ohun mìíràn wà nípa Desktop àti Documents. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun, OneDrive, ibi ìpamọ́ Microsoft lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti gba méjèèjì sọ́dọ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ náà “OneDrive” nínú àdírẹ́sì fódà yín, gbogbo ohun tí ẹ bá fi síbẹ̀ ló ń fi dátà yín gòkè lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, 5 GB péré sì ni àyè ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fúnni.

Ẹ pe fódà náà ní `D:\IseOnibara`, láìsí àmì ohùn. Windows kò kọ àmì o, àwọn ètò àtijọ́ kan ló máa ń ṣì í kà.

Ó yá, ẹ ṣí Notepad++. Ẹ tẹ Settings lókè, lẹ́yìn náà Preferences. Nínú àwọn orúkọ tó tò sápá òsì, ẹ mú Default Directory. Ẹ ó rí “Follow current document”, “Remember last used directory”, àti ẹ̀kẹta tí kò lórúkọ, àpótí funfun lásán ló wà níwájú rẹ̀. Ẹ̀kẹta yẹn ni kí ẹ mú. Ẹ kọ `D:\IseOnibara` sínú àpótí náà, tàbí kí ẹ tẹ bọ́tìnì oníkókó mẹ́ta (...) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti tọ́ka sí fódà, kí ẹ wá tẹ Close. Ẹ dán an wò: Ctrl+N, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan, Ctrl+S, kí ẹ sì ka àdírẹ́sì tó wà lókè kí ẹ tó tẹ Save. Orí àkáǹtì Windows kan ṣoṣo ni ètò yìí ń jókòó sí. Bí ọmọṣẹ́ yín bá ní àkáǹtì tirẹ̀, òun náà yóò tò ó.

Níbi tí ẹ wà yìí, ẹ wo New Document nínú Preferences kan náà, kí ẹ rí i pé UTF-8, ìlànà ìkọ̀wé tó gba àwọn lẹ́tà Yorùbá, ni wọ́n yàn. Tó bá jẹ́ ANSI, ìlànà àtijọ́, ẹ, ọ àti ṣ inú iṣẹ́ Yorùbá lè di àmì ìbéèrè, ẹ kò sì ní rí wọn gbà padà lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa fáìlì dé.

Ohun tó máa ń tan èèyàn ni pé, ní ti Ctrl+S, fáìlì tuntun nìkan ni fódà tí ẹ yàn yìí ń ṣiṣẹ́ fún. Fáìlì tí ẹ bá ṣí láti orí fúláàṣì, orí fúláàṣì ni Ctrl+S yóò dá a padà sí. Nítorí náà, ẹ dà á kọ sínú `D:\IseOnibara` ná, ẹ ṣí ẹ̀dà yẹn, kí ẹ wá dá a padà fún oníbàárà nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ẹ má sì fi fúláàṣì ara yín ṣe fódà ìpamọ́. Ó lè jẹ́ E: lónìí kó di F: lọ́la, ọ̀nà tí ẹ kọ sínú àpótí kò sì ní bá a mọ́.

Táàbù “new 1”, “new 2” tí ẹ ń fi sílẹ̀ ń kọ́? Bí iná bá lọ, ẹ ó ṣì bá wọn nílẹ̀, torí Notepad++ ń ṣe ẹ̀dà wọn ní ìṣẹ́jú-àáyá méje-méje, àfi bí ẹ bá ti pa ìṣẹ̀dà yẹn nínú Preferences. Ṣùgbọ́n `%AppData%\Notepad++\backup` ni ẹ̀dà yẹn wà, lórí C. Ọjọ́ tí wọ́n bá nu C, wọ́n bá a lọ nìyẹn.

Word ní tirẹ̀ lọ́tọ̀: File, Options, Save, kí ẹ kọ fódà kan náà sí “Default local file location”, kí ẹ sì máàkì “Save to Computer by default”.

Bí oníbàárà bá fa fúláàṣì yọ nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà lójú, Notepad++ yóò sọ pé fáìlì kò sí mọ́, yóò béèrè bóyá kó fi í sílẹ̀ lójú. Ẹ tẹ Yes, kí ẹ wá lo Save As láti gbé e sórí D. Bí ẹ bá tẹ No, ojú ìwé yẹn ti lọ. Èyí tó sì ti bá fúláàṣì ọmọ ọlọ́mọ lọ tẹ́lẹ̀, ẹ wá nọ́ńbà ẹni tó ni fúláàṣì náà lórí WhatsApp kí ẹ pè é; bí kò bá tíì pa á rẹ́, yóò ṣì wà lórí fúláàṣì rẹ̀, nínú fódà tí ẹ ti ṣí iṣẹ́ rẹ̀.