Owó mi wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n tún fẹ́ fi kún èyí tí wọ́n ń yọ

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Èmi àti ọkọ mi nìkan ló kù nílé báyìí, àwọn ìbejì ti lọ sí yunifásítì. Direct debit la fi ń san owó iná àti gáàsì, £118 ni ilé iṣẹ́ iná ń yọ nínú àkáǹtì mi lóṣooṣù. Nígbà tí March ń parí lọ, bíìlì dé, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ní £412 lọ́wọ́ wọn. Kò pẹ́ sígbà náà ni ímeèlì tún dé pé láti May, £167 ni wọn yóò máa yọ. Mo pè wọ́n. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní kọ̀ǹpútà ló ṣírò rẹ̀, pé kò sí nǹkan tí òun lè ṣe sí i. Ọkọ mi ní kí n lọ dá a dúró ní báńkì. Mo fi fọ́tò bíìlì náà mọ́ lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Peckham, London

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi bẹ Bàbá Ìbejì kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni láti dá direct debit dúró ní báńkì nígbàkúùgbà, kò sẹ́ni tó lè dí yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dá a dúró láìtíì bá ilé iṣẹ́ náà sọ ọ́ yanjú, wọ́n lè gbé yín sọ́dọ̀ àwọn tó ń dúró de bíìlì kí wọ́n tó san, iná kan náà sì máa ń wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ fún wọn. Direct Debit Guarantee, tó ní kí báńkì dá owó wa padà lójú ẹsẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá ṣèèṣì yọ owó, tàbí tí wọ́n yọ iye tí wọn ò sọ fún wa ṣáájú, ló wà fún. Wọ́n ti kọ̀wé sí ẹ̀yin. Ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ iná ni ẹjọ́ yín wà.

Ẹ sì jàre o. Mo wo bíìlì yín dáadáa. Ní ojú ewé kejì, àwọn fúnra wọn kọ ọ́ pé £1,380 ni àwọn rò pé iná àti gáàsì yín yóò jẹ́ lọ́dún kan sí i. Ẹ pín in sí oṣù 12, £115 ni. Bí wọ́n bá wá ń yọ £167, £2,004 ni lọ́dún. Ẹ fi £412 tó wà nílẹ̀ kún un, ẹ yọ £1,380 kúrò: £1,036 owó yín ni yóò wà lọ́wọ́ wọn tí ọdún bá yípo. Ìwé ọwọ́ wọn ló ń ta kò wọ́n yìí.

Àwọn kan á ní kí ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, òtútù ń bọ̀. Bó bá jẹ́ September lẹ kọ̀wé, èmi náà á sọ bẹ́ẹ̀. Iye kan náà là ń san yípo ọdún. Nígbà ooru tá ò tan ẹ̀rọ amúlégbóná, owó á máa kóra jọ, láti October sí March la ó máa ná an. Ṣùgbọ́n ìparí March ni tiyín. Òtútù ti jẹ èyí tó máa jẹ, £412 ṣì ṣẹ́kù. £118 ti ń tó yín nìyẹn.

Wọ́n lè sọ pé owó iná ti lọ sókè. Òótọ́ ni pé Ofgem, àjọ tó ń ṣàbójútó àwọn ilé iṣẹ́ iná àti gáàsì, máa ń yí òdiwọ̀n owó iná padà ní January, April, July àti October. Ẹ bi wọ́n pé èwo nínú ẹ̀ ló fi ohun tó lé ní 40% lọ sókè, torí ohun tí wọ́n fi kún tiyín nìyẹn.

Nǹkan mìíràn tún wà nínú fọ́tò náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà gáàsì ti January àti ti March, lẹ́tà E kékeré kan wà. Wọn ò ka mítà yín, wọ́n fojú bù ú ni, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ìgbà tí àwọn ìbejì ṣì ń fi omi gbígbóná wẹ̀ nílé ni wọ́n fi ń díwọ̀n. Ẹ lọ síbi mítà lálẹ́ òní. Ẹ ka àwọn nọ́ńbà dúdú, ẹ fi èyí tó pupa sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́. Ó lè sọ £412 di jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè dín in kù. Èyí tó bá jẹ́ òótọ́ ni kí ẹ fi bá wọn sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ má pè wọ́n mọ́, ẹ kọ̀wé. Ẹ kọ ọ́ gbangba sókè pé complaint (ẹ̀sùn) ni, torí ọjọ́ yẹn ni kíkà ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí mo máa sọ nísàlẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ìṣírò £167 hàn yín, kí wọ́n sì fi í sí £118 títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú. Ọ̀kan nínú méjì ni kí ẹ wá béèrè: kí wọ́n dá £412 padà kí ẹ máa san £115, tàbí kí ó wà lọ́wọ́ wọn kí ẹ máa san nǹkan bí £81. Ẹ ò lè gba méjèèjì. Òfin Ofgem ni pé ìròyìn tó péye jù, tó sì jẹ́ tuntun jù lọ́wọ́ wọn, ni kí wọ́n fi díwọ̀n owó oṣooṣù, kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ lọ́nà tó yé èèyàn, kí wọ́n sì tètè dá owó tó ṣẹ́kù padà fún ẹni tó bá béèrè, àfi bí wọ́n bá ní ìdí gúnmọ́ tí wọn ò fi ní ṣe é.

“Kọ̀ǹpútà ló ṣírò rẹ̀” kì í ṣe èsì. Alájọ tó bá ní ká fi kún owó àjọ wa, a ó ní kó gbé káàdì wá ká jọ wò ó. Ní 2022, Ofgem rí i pé láàárín February sí April, ilé tó lé ní 500,000 ni direct debit wọn fò kọjá ìlọ́po méjì, wọ́n sì ní kí àwọn ilé iṣẹ́ náà lọ tún un yẹ̀ wò. Èyí tó ń dùn mí jù ni àwọn àgbàlagbà tó ń kó bíìlì wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n ń sanwó tí wọn ò jẹ, wọn ò lè béèrè, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé orúkọ àwọn á bàjẹ́. Béèrè ìṣírò kì í ba orúkọ ẹnikẹ́ni jẹ́ nílùú yìí.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bá kọjá láìsí ojútùú, tàbí tí wọ́n bá ti kọ̀wé ṣáájú pé ibi tí àwọn lè bá a dé nìyẹn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ Energy Ombudsman, àwọn tó ń parí aáwọ̀ láàárín oníbàárà àti ilé iṣẹ́ iná. Ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ bá gba ìdájọ́ wọn, dandan ni kí ilé iṣẹ́ iná tẹ̀ lé e. Ẹ mú bíìlì yìí, fọ́tò mítà, ímeèlì £167 àti gbogbo èsì wọn dání, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ pè wọ́n sílẹ̀ kó tó di ìgbàgbé.