Ẹ Bi Wá: Níbo Ni Ẹgbẹ́ Họ́kì Tuntun Ti Ń Rí Eléré?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. A máa ń wo họ́kì orí yìnyín ní Ìjàpọ̀ níbí. Wọ́n ní ọdún 2017 ni ẹgbẹ́ Vegas ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ líìgì NHL, líìgì họ́kì tó ga jù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ọdún kìíní náà ni wọ́n sì dé àṣekágbá. Níbo ni wọ́n ti kó eléré? — Òǹkàwé, Àkúrẹ́

Ọwọ́ àwọn tí wọ́n bá nílẹ̀ ni, ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Vegas san 500 mílíọ̀nù dọ́là kí wọ́n tó wọlé, wọ́n sì mú eléré 30 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ 30. Ká ní wọ́n dá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lọ́la, kí wọ́n ní kí Sunshine Stars náà fi ẹnì kan sílẹ̀: ta ni yóò fi ẹni tó dáa jù lọ sílẹ̀? Ìdí nìyẹn tí òfin fi gbà kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Wọ́n lè fi eléré iwájú 7, ẹ̀yìn 3 àti gókípà 1 pamọ́. Tàbí kí wọ́n fi eléré 8 pamọ́, ipò yòówù kí wọ́n máa gbá, pẹ̀lú gókípà 1. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí dín èèyàn méjì kù, ẹgbẹ́ tí eléré ẹ̀yìn mẹ́rin bá ká lára ló sábà máa ń mú un. Àwọn tó ṣì wà ní ọdún kìíní tàbí ìkejì nínú iṣẹ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá.

Vegas náà ní òfin tirẹ̀. Ó kéré tán, kí wọ́n mú eléré iwájú 14, ẹ̀yìn 9, gókípà 3. Kí 20 nínú wọn ní àdéhùn fún sáà tó ń bọ̀. Owó iṣẹ́ gbogbo wọn kò gbọdọ̀ kéré sí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún òdiwọ̀n líìgì (iye tí owó iṣẹ́ eléré ẹgbẹ́ kan kò gbọdọ̀ kọjá), tó jẹ́ 73 mílíọ̀nù dọ́là nígbà náà, kò sì gbọdọ̀ ju òdiwọ̀n ọ̀hún lọ. Ẹni tó bá kàn ń ṣa ọmọdé olówó pọ́ọ́kú kò ní lè kún òṣùwọ̀n yẹn.

Ṣé ẹgbẹ́ kan kò lè kó àwọn tó ti ṣá tì nìkan síta? — Òǹkàwé, Oǹdó

Wọn ò gbà fún un. Ó kéré tán, eléré iwájú méjì àti ẹ̀yìn kan tó ṣì ní àdéhùn gbọ́dọ̀ wà níta, tí wọ́n ti gbá eré 40 ní sáà tó kọjá tàbí 70 ní sáà méjì. (Lọ́dún 2021, kòrónà sọ ọ́ di 27 tàbí 54.)

Ṣùgbọ́n ibi tí Vegas ti jèrè gan-an ni ènì. Ẹ mọ bí ìyá ẹlẹ́wà ní Ọjà Ọba ṣe ń wọn kóńgò tán, tí yóò tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ẹgbẹ́ ń bẹ Vegas: “Ẹ má mú lágbájá, ẹ mú tàmẹ̀dù, a ó fi nǹkan sí i.” Columbus jẹ́ kí wọ́n mú William Karlsson, wọ́n tún fún wọn ní ẹ̀tọ́ àtimú ọ̀dọ́ (nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ bá ń ṣa eléré ọ̀dọ́ lọ́dọọdún) ní ìpele kìíní ọdún 2017 àti ìpele kejì ọdún 2019, kí Vegas lè gba àdéhùn olówó ńlá eléré wọn David Clarkson kúrò lọ́rùn wọn. Karlsson tó jẹ góòlù 6 ní Columbus jẹ 43 fún Vegas. Anaheim fi eléré wọn Shea Theodore ṣe ènì kí Vegas lè mú Clayton Stoner. Ènì ọ̀hún ju ọjà lọ!

Florida ló ṣe èyí tó dùn wá jù. Eléré iwájú mẹ́rin àti ẹ̀yìn mẹ́rin ni wọ́n fi pamọ́, Jonathan Marchessault tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ góòlù 30 wá wà níta. Vegas mú un, wọ́n sì tún gba Reilly Smith lọ́wọ́ wọn fún ẹ̀tọ́ ìpele kẹrin péré, torí Florida fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ owó Smith. Nígbà tí Vegas na Florida gba ife lọ́dún 2023, Marchessault ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ eléré tó ta yọ jù.

Ẹgbẹ́ tuntun mìíràn, Seattle, san 650 mílíọ̀nù dọ́là wọ líìgì náà lọ́dún 2021, kí ló dé tí tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀? — Òǹkàwé, Òkè-Àró

Òfin kan náà ni, àmọ́ ojú àwọn tó kù ti là. Kò sẹ́ni tó ń bu ènì mọ́. Montreal fi gókípà Carey Price síta, Seattle fojú fò ó nítorí 10.5 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún. Eré 27 ni wọ́n yege nínú 82 ní sáà kìíní. Jared McCann, tí Toronto gbà lọ́wọ́ Pittsburgh lọ́jọ́ díẹ̀ sí ìṣàyàn náà tí wọn kò sì fi pamọ́, jẹ góòlù 40 fún Seattle ní sáà kejì.